FRAP, FCS tàbí títẹ̀lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èwo ni kí ẹ fi wọn ìrìn inú sẹ́ẹ̀lì?

Bí ẹ bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lásìkò tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè láti inú ọkọ̀, ẹ ó rí ìrìn mẹ́ta nínú èrò kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá á gba abẹ́ apá èèyàn kọjá; kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dé òdìkejì. Ìyá tó ru bàsíà ẹja á máa ké pé "Àgò o, àgò lọ́nà!", á rìn, á dúró, á tún rìn. Ní ti alábàrù tó ń ti ọmọlanke tí yìnyín kún inú rẹ̀, ó lè wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n máa tì í síwá sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó kúrò níbi tó wà. Ọjà kan náà ni, àsìkò kan náà sì ni. Ẹni tó bá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń yára rìn ní Olúwo, mi ò lè dá a lóhùn, àfi tó bá kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìrìn ta ni òun ń bi, àti láti ibo dé ibo.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń múra iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní Ìkòròdú ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ẹnu mi. Ó wá sílé lọ́jọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń wọn bí mólékù ṣe ń rìn nínú sẹ́ẹ̀lì: FRAP (fluorescence recovery after photobleaching), tó ń pa ìmọ́lẹ̀ ojú kan láti wo bó ṣe ń padà; FCS (fluorescence correlation spectroscopy), tó ń dúró lójú kan láti ka àwọn tó ń kọjá; àti títẹ̀lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kámẹ́rà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, nínú FRAP, FCS àti títẹ̀lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èwo ló dára jù?"

"Kí lo fẹ́ mọ̀ nípa purotéènì tó o mú?"

"Bó ṣe ń yára tó ni, mà."

"Láti ibo dé ibo?"

Ó dákẹ́. Mi ò bá a wí, nítorí pé èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí níwájú ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀nà.

Bí èrò náà ṣe pọ̀ tó

Funfun ẹyin kì í ṣe omi lásán, gbogbo wa la mọ̀ bó ṣe máa ń fà. Síbẹ̀, nínú gíráàmù 100 rẹ̀, purotéènì ò ju bíi gíráàmù 10 lọ. Nínú bakitéríà E. coli, Zimmerman àti Trach ṣírò rẹ̀ ní 1991 pé purotéènì àti RNA tó mílígíráàmù 300 sí 400 nínú mílílítà kan. Ìyẹn ni pé inú bakitéríà kún tó funfun ẹyin ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò sí mólékù tó ń rìn níbẹ̀ tí kì í fi èjìká gbá ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe fún GFP, purotéènì kékeré aláwọ̀ ewé tó ń tan ìmọ́lẹ̀, tí àwọn onímọ̀ máa ń so mọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ rí. Nínú omi lásán, ìwọ̀n ìtànkálẹ̀ rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń tètè tàn káàkiri, jẹ́ bíi 87 µm²/s (µm ni máíkírómítà, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà; s ni ìṣẹ́jú àáyá). Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 25. Nínú E. coli ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 8 lọ. Ohun tó tóbi jù ú lọ ló ń jìyà jù. Hóró tó fẹ̀ tó nánómítà 40 (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú máíkírómítà kan) yóò ní bíi 12 µm²/s nínú omi. Nínú sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà, kò tó 1. GFP ni ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá, hóró yìí sì ni ọmọlanke yìnyín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ìwé iṣẹ́ tó bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo pé "bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ki tó nìyí" láìsọ bí ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ṣe tóbi tó.

Ohun kejì tó yẹ kẹ́ ẹ ní lọ́kàn kẹ́ ẹ tó yan ọ̀nà ni ìjìnnà. Láti ìgbà tí Robert Brown ti rí ìrìn ségesège àwọn hóró kéékèèké nínú omi ní 1827, tí Einstein sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1905, a ti mọ̀ pé nínú ìrìn bẹ́ẹ̀, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ó rọrùn fún bakitéríà: GFP lè ti orí E. coli dé ìdí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Àmọ́ ẹ mú okùn iṣan ìmọ̀lára tó gùn tó mítà kan, irú èyí tó ti ẹ̀yìn wa lọ sí ẹsẹ̀. Purotéènì tí ìwọ̀n ìtànkálẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 µm²/s yóò lò ju ọdún 1,500 lọ kó tó débẹ̀ nípa ìrìn ségesège. Ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kinesin, tó ń gbé ẹsẹ̀ ní nánómítà 8 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń rìn tó nánómítà 800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lè gbé ẹrù rin ọ̀nà gígùn yẹn láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá sinmi. Nítorí náà, "ibo dé ibo" tí mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ṣe ìbéèrè àbèèrèlásán. Ó lè yí ọ̀nà tó yẹ kó lò padà pátápátá.

Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | FRAP | FCS | Títẹ̀lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan |
|---|---|---|---|
| Ohun tí ẹ ń ṣe | Ẹ pa ìmọ́lẹ̀ ojú kan, ẹ wo bó ṣe ń padà | Ẹ dúró lójú kan, ẹ ka àwọn tó ń kọjá | Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀ |
| Iye tí ẹ nílò | Púpọ̀ | Díẹ̀ gan-an | Díẹ̀ tó jìnnà síra |
| Ó tayọ níbi | Ìrìn tó falẹ̀, àti ìdá tí kò rìn rárá | Ìrìn tó yára | Ìrìn tó ń yí padà lójú ọ̀nà |
| Ohun tí kì í rí | Ìyàtọ̀ láàárín ẹyọ kan àti èkejì | Ẹni tó jókòó | Ohun tó yára ju kámẹ́rà lọ |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọ̀nà kan kì í rí ló máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí ìyọnu, nítorí pé ẹ̀rọ ò ní sọ fún yín pé òun ò rí i. Nọ́ńbà ni yóò kàn gbé jáde.

FRAP

Axelrod àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí yékéyéké ní 1976, àwọn apẹja wa sì lè lóye rẹ̀ láìlọ sí yunifásítì. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó gba odò Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ wa ní 1984 ti bo ojú ọ̀sà káàkiri. Bí ẹ bá fi àjẹ̀ gbá a kúrò lójú kan, omi á hàn. Bí ẹ bá dúró wò ó, ti àyíká á máa padà wọlé títí ojú ibẹ̀ á fi dí. Bó bá ṣe tètè dí sí ni a ó fi mọ bí wọ́n ṣe lè rìn tó.

Ìyàtọ̀ kan wà. Nínú FRAP, a kì í gbá nǹkan kúrò. Iná lésà ni a fi ń pa ìmọ́lẹ̀ àwọn mólékù ojú kan, àwọn fúnra wọn ṣì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá lè rìn, wọ́n á jáde, àwọn tó ń tàn á sì rọ́pò wọn. Bí wọ́n bá ti so mọ́ nǹkan, ojú ibẹ̀ ò ní mọ́lẹ̀ tán láéláé. Òkùnkùn tó ṣẹ́ kù yẹn ni ẹ̀bùn FRAP: ó ń sọ fún yín iye àwọn tó jókòó. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ "Ṣé purotéènì yìí so mọ́ DNA?" tàbí "Ṣé ó há sínú awọ sẹ́ẹ̀lì?", ẹ mú FRAP, ẹ má wẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹnìkan ti sọ fún mi ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Mo wọn purotéènì kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ kó tó padà, mo sì kọ ọ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì náà ki. Kì í ṣe pé ó ki. Purotéènì náà ń so, ó ń tú, ó ń so, ó ń tú. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ pa ìmọ́lẹ̀ ojú kékeré kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wá pa ti ojú tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Bó bá jẹ́ ìrìn lásán ló ń fà á, àkókò ìpadàbọ̀ á di bí ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá jẹ́ síso àti títú ló ń fà á, àkókò náà ò ní yí padà. Wákàtí kan ni àyẹ̀wò yìí gbà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹ má lo FRAP fún GFP tó ń rìn fàlàlà. Kí lésà tó pa ìmọ́lẹ̀ tán, púpọ̀ nínú wọn á ti jáde kúrò lójú ibẹ̀, àwọn mìíràn á sì ti wọlé. Ẹ ó rò pé wọn kò yára tó bẹ́ẹ̀.

FCS

Magde, Elson àti Webb ló gbé èyí jáde ní 1972. Ẹ ronú nípa ẹni tó dúró sí ẹnu géètì èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú láàárọ̀. Kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kọ bí èrò iwájú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù. Bí èèyàn bá yára, wọ́n á yọ, wọ́n á sì pòórá; bí wọ́n bá ń fà, ojú kan náà á máa wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti inú ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni FCS ti ń mọ bí mólékù ṣe yára tó, àti iye tó wà níbẹ̀.

Géètì náà kéré gan-an: ó tó bí ìwọ̀n inú E. coli kan ṣoṣo. Bí mólékù bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ò ní hàn mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni mẹ́ta ò ṣe lè hàn nínú ẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún ohun tó wà ní nánómólà, ìyẹn ohun tí kò pọ̀ rárá, tí kì í dára fún ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń rọ jáde bí òjò. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ kọ́kọ́ fi aró tí a ti mọ ìrìn rẹ̀ wọn géètì yín. Rhodamine 6G ni ọ̀pọ̀ ń lò. Nínú omi, ìwọ̀n ìtànkálẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 400 µm²/s.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá jókòó sínú géètì láìmira kò sí nínú ìṣirò. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí mo sọ nípa FRAP. Ẹni méjì lè wọn purotéènì kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, kí ti FRAP sọ pé ó falẹ̀, kí ti FCS sọ pé ó yára, kí àwọn méjèèjì má sì purọ́. Ọ̀kan ka gbogbo ọjà pọ̀ mọ́ àwọn tó jókòó nídìí àtẹ. Èkejì ka kìkì àwọn tó ń rìn.

Títẹ̀lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Ibí ni ọkàn mi wà, mi ò ní fi pamọ́.

Bí ẹ bá tẹ̀lé hóró kan pẹ̀lú kámẹ́rà, ẹ ó ní ọ̀nà tó tọ̀. Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ibi tó ti gbéra, ẹ fi ìjìnnà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀ fún àkókò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ bi í ní ìbéèrè kan: bí àkókò bá di ìlọ́po 2, ìlọ́po mélòó ni nọ́ńbà yìí dà? Bó bá di ìlọ́po 2, ìrìn ségesège lásán ni, bíi tinú omi. Bó bá di ìlọ́po 4, ẹnìkan ń gbé e lọ tààrà, bíi kinesin. Bó bá jẹ́ 1.6 péré, nǹkan ń dí i lọ́wọ́. Ohun tí Golding àti Cox rí nìyẹn ní 2006 nígbà tí wọ́n tẹ̀lé RNA nínú E. coli láàyè. Ní 2010, Weber, Spakowitz àti Theriot tẹ̀lé ojú kan lára DNA bakitéríà, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju 1.3 lọ: DNA náà ò lè lọ síbi tó wù ú, torí pé okùn gígùn fà á sẹ́yìn.

Kí ló ń dí hóró lọ́wọ́? Ẹ padà sí Olúwo. Ó lè jẹ́ pé ìyá ẹlẹ́ja ń dúró nídìí àtẹ kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ síwájú. Ó sì lè jẹ́ pé kò dúró níbì kankan, àmọ́ gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá gbé, èrò á tì í padà. Ìpíndọ́gba wọn lè jọra. Ẹ wo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbésẹ̀: bí ẹni tó lọ sọ́tùn-ún bá sábà máa ń padà sósì lẹ́yìn rẹ̀, èrò ló ń tì í. Bí kò bá sí irú ìpadà bẹ́ẹ̀, tí ẹ kàn ń rí ìdúró gígùn, àtẹ ló ń dá a dúró. FRAP ò lè fi èyí hàn yín, FCS náà kò sì lè fi hàn ní kedere.

Ohun mìíràn tó mú mi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni ohun tí Parry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014. Nígbà tí bakitéríà bá ń jẹun, tó ń ṣiṣẹ́, àwọn hóró ńlá inú rẹ̀ ń rìn. Nígbà tí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, inú rẹ̀ á dà bíi gíláàsì fún àwọn hóró ńlá wọ̀nyẹn, àwọn kékeré á sì máa rìn lọ ní tiwọn. Iṣẹ́ táwọn èrò ń ṣe ló ń la ọ̀nà fún ọmọlanke.

Àmọ́ ọ̀nà yìí ní ẹ̀tàn tó burú. Kò sí kámẹ́rà tó mọ ibi tí hóró wà gan-an. Ká ní ojú wa ń ṣì í ní nánómítà 50 lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Àṣìṣe yẹn nìkan ti fi 0.01 µm² kún nọ́ńbà wa. Hóró tí ìwọ̀n ìtànkálẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.01 µm²/s, láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ìrìn tòótọ́ rẹ̀ jẹ́ 0.004 péré. Àṣìṣe ju ìrìn lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀! Nítorí pé àṣìṣe kì í dàgbà bí àkókò ṣe ń gùn, yóò tẹ́ ìlà náà pẹrẹsẹ, ẹ ó sì kéde pé nǹkan ń dí hóró lọ́wọ́ nígbà tí kò sí ohun tó ń dí i. Ẹ wá hóró tí kò lè mira, bóyá nínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fi kẹ́míkà gan pa, kí ẹ tẹ̀lé e bíi tàwọn yòókù. Ohunkóhun tí ẹ bá rí lára rẹ̀, ti ẹ̀rọ yín ni.

Èwo la lè rí ṣe níbí?

FRAP àti FCS fẹ́ lésà, yàrá tó tutù, àti iná tí kì í já lulẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín ò bá ní wọn, ẹ wá ẹni tó ní in kẹ́ ẹ bá a ṣe pọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ìbéèrè tó já gaara lọ bá a. Títẹ̀lé hóró ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Àgbádárìgì, bí ẹ bá ti ní máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ àti fóònù.

Ẹ kán mílíìkì kan sínú omi púpọ̀, ẹ gbé e sáàárín gíláàsì méjì, ẹ fi fóònù ya fídíò láti ojú máíkírósíkóòpù. Ẹ̀kán ọ̀rá tó fẹ̀ tó máíkírómítà 1 yẹ kó kúrò níbi tó wà ní nǹkan bíi máíkírómítà kan àtààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n yín tọ́. Ẹ wá bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, ẹ wo inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀: ẹ ó rí hóró tó ń rìn ní ìlà tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, àti èyí tó kàn ń gbọ̀n. Fiji, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ àwòrán wò, kì í gbowó; TrackMate inú rẹ̀ ni yóò bá yín ya ipa ọ̀nà wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíìkì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ó sì pè mí lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ọ̀kan wà tó ti gbẹ mọ́ gíláàsì. Kò lọ síbì kankan, àmọ́ TrackMate ní ó ń rìn. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?"

Mo ní kó má yọ ọ́. Mo ní kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀, kó tó kọ ti èyíkéyìí tó ń rìn.